Ẹ̀gún Kì í Ṣe Ojúsàájú

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí géèmù kan ṣe rí, kó má ṣe lọ bi ẹni tó ti gbà á já. Ẹni tó ṣì ń kú nínú rẹ̀ ni kó bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó ti borí ti gbàgbé bí ọ̀nà ṣe rí. Ìyangàn ló kù lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀gún ṣẹ̀ṣẹ̀ gún, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pòṣé, tí àtàǹpàkò rẹ̀ kò tíì kúrò lójú fóònù, ẹ tẹ́tí sí onítọ̀hún dáadáa.

Géèmù tí mo ní lọ́kàn ni Geometry Dash. Ọmọ ilẹ̀ Sweden kan, Robert Topala, ló dá a ṣe, ó sì gbé e jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2013. Àlàyé rẹ̀ kò gba àkókò. Àpótí kékeré onígun mẹ́rin kan ń sáré lọ fúnra rẹ̀ láti apá òsì sí apá ọ̀tún. Kì í dúró, kì í bojú wẹ̀yìn. Iṣẹ́ tìrẹ ni kí o fọwọ́ tẹ ojú fóònù kó lè fò. Tẹ̀ ẹ́ ṣáájú àkókò, ó kú. Tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn àkókò, ó kú. Ẹ̀gún ṣóńṣó wà nílẹ̀, òpó wà níwájú, kòtò wà láàárín. Kò sí ẹ̀mí mẹ́ta bíi ti àwọn géèmù àtijọ́. Ẹyọ kan ni. Tó bá ti bọ́, ó di ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, orin á bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, nọ́ńbà tó ń ka iye ìgbà tí o ti gbìyànjú á sì fi ẹyọ kan gòkè níṣojú gbogbo ẹni tó ń wò. Ipele kan kì í sábà tó ìṣẹ́jú méjì. Síbẹ̀ mo mọ ọmọ tó fi odindi oṣù kan lépa ẹyọ kan ṣoṣo, tí ìyá rẹ̀ sì rò pé ìwé ló ń kà.

Àsìkò ayẹyẹ Ojúde Ọba ọdún 2024 ni mo tó jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí. Ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ni ayẹyẹ náà bọ́ sí, ọdún tí àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin gba ojú fóònù gbogbo. Ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde máa ń kún fọ́fọ́ lásìkò Iléyá. Orí àga, orí ẹní, orí àtẹ̀gùn, ọmọ ni. Àwọn ti Èkó á dé, àwọn ti Ìbàdàn á dé, àwọn tí wọ́n bí sí London náà á dé pẹ̀lú bàtà funfun tí erùpẹ̀ pupa wa kì í pẹ́ kó tó sọ di nǹkan mìíràn. Ọ̀rọ̀ aṣọ ló gba àwọn àgbà lọ́kàn: rẹgbẹ́rẹgbẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn jọra, fẹ́ wọ aláwọ̀ ewé, fìlà kò sì tíì dé láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣe é. Ẹnikẹ́ni kò bojú wo ibi tí àwọn ọmọ wà.

NEPA mú iná lọ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì Iléyá. Fóònù ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi ku ti ẹ̀gbọ́n àgbà nínú wọn, ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ SS2, Tecno kan tí ojú rẹ̀ ti sán ní igun kan. Wọ́n ṣe òfin kan: bí o bá ti kú, gbé e fún ẹni tó kàn. Báyìí ni fóònù náà ṣe ń yí ká láàárín wọn, tí ẹjọ́ sì ń tẹ̀lé e.

“Ojóro ni!” Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mọ́kànlá kan láti Èkó ló kọ́kọ́ pariwo bẹ́ẹ̀. “Mo ti fò kí n tó débẹ̀! Gbogbo yín rí i!”

“O ò fò,” ni ẹ̀gbọ́n náà fèsì. “O rò pé o fò ni.”

N kò tíì gbọ́ àríwísí géèmù tó jinlẹ̀ ju gbólóhùn yẹn lọ. Gbogbo aáwọ̀ tó wà láàárín ẹni tó ń ta géèmù báyìí àti géèmù náà fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀: mo fò, o ò fò, o rò pé o fò ni. Ta ló jẹ̀bi? Ọwọ́ mi ni, àbí ẹ̀rọ?

Ẹni tó kéré jù nínú wọn, ọmọ ọdún mẹ́fà, kò bá wọn dá sí ẹjọ́ kankan. Orin ló fẹ́ràn. Ó máa ń mi orí sí i, ó máa ń gbàgbé láti tẹ ojú fóònù, á sì kú níbi ẹ̀gún àkọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, á ní, “Ẹ jẹ́ n kú lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ jọ̀ọ́.” Màmá wa gbọ́ ọ láti inú yàrá. “Ta ló ń pe ikú mọ́ra ẹ̀ nínú ilé mi? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Lọ́jọ́ ọdún!” Àwọn ọmọ tọrọ àforíjì, wọ́n sì yí ọ̀rọ̀ padà sí “mo ti ṣubú”. Bó ti wù kó rí, nígbà tó bá ti dùn wọ́n dé egungun, “mo ti kú” ló tún ń jáde.

Ẹ̀sùn ojóro yẹn, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Nígbà mìíràn, òótọ́ ni. Géèmù tó ń sáré báyìí ń ya àwòrán tó tó 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, àwòrán kọ̀ọ̀kan sì ni ìdájọ́ tirẹ̀. Fóònù tó bá gbóná nínú oòrùn, tàbí tí fọ́tò àti fídíò WhatsApp ti kún inú rẹ̀ dé ọ̀fun, kò ní lè ya gbogbo rẹ̀ tán. Á fo díẹ̀. Ọwọ́ rẹ tẹ̀ ẹ́ lásìkò, fóònù ló pẹ́ gbọ́. Ìgbà tó fi máa gbọ́, àpótí rẹ ti wà lórí ẹ̀gún. Ẹni tó bá sì fi ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ aláìníwáyà sétí, ìyà tirẹ̀ tún yàtọ̀: orin máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dé etí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìlù orin náà ni gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n ta fi ń mọ ìgbà tó yẹ kí òun fò. Yóò fò bá orin, orin yóò sì tì í sínú kòtò. Èyí tí wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ tún ní ìpolówó tó ń já wọ inú rẹ̀ lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti ṣubú díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ọmọ tí mo mọ̀ fi máa ń pa dátà wọn kí wọ́n tó ṣí i. Géèmù náà kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì láti ṣiṣẹ́, ìyẹn nìkan sì tó láti sọ ọ́ di ọ̀rẹ́ àwọn ọmọ ìlú yìí, níbi tí dátà ti wọ́n tí iná kò sì dúró sójú kan.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé géèmù báyìí kò dáa, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń bi í ni irú fóònù tó fi ta á. Àwọn tó ń kọ̀wé lórí géèmù nílẹ̀ òkèèrè, tí ẹ̀rọ wọn lágbára, tí iná wọn kì í lọ, a máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé géèmù kan náà ni gbogbo ayé ń ta. Kò rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ kan náà ló ń jẹ́, ṣùgbọ́n èyí tó wà lórí itel ọmọ tó jókòó ní Òkè-Ajé àti èyí tó wà lórí iPhone ọmọ London, ìyàtọ̀ wọn pọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, tí fóònù gbogbo sì ti ń gba iná, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí London yọ̀ǹda iPhone rẹ̀ kí wọ́n lè parí ẹjọ́. Ọmọbìnrin tó pariwo ojóro gbà á. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ. Ó sáré dé ibi kan náà, ó fò, ó sì gbá ẹ̀gún kan náà ní igun kan náà. Ó tún un ṣe. Bákan náà ló rí. Fóònù náà kò háńgì, àwòrán rẹ̀ ń yọ̀ bí omi. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, “Ó dáa. Èmi ni.” Nígbà tó sì ṣe díẹ̀, láìjẹ́ pé ó ti kọjá ibẹ̀, ó ní géèmù náà dáa.

Mo ti rò ó títí. Kí ló mú kí ọmọ tó ń fìdí rẹmi máa yin ohun tó ń dá a lẹ́bi? Èrò mi ni pé ohun tí àwọn tó ń ta géèmù lílekoko ń béèrè yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí àwa tó ń wò wọ́n rò pé wọ́n ń béèrè. Wọn kò béèrè ìrọ̀rùn. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé kí àṣìṣe kan náà máa gba ìdájọ́ kan náà, lónìí, lọ́la, fún ọmọ olówó àti fún ọmọ ẹni tó ń ta gàrí. Tí ọkàn wọn bá ti balẹ̀ lórí ìyẹn, ẹ lè kó ẹ̀gún gbogbo ayé síwájú wọn.

Ọmọ London náà ní òun ní àfikún. Yorùbá rẹ̀ ń kọsẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n wá. Ó ní òun ti parí Celeste, géèmù tó jáde lọ́dún 2018, níbi tí ọmọbìnrin kan ti ń gun òkè gíga kan, ó sì le ju èyí lọ ṣùgbọ́n ó láàánú. Òótọ́ ló sọ. Maddy Thorson tó ṣíwájú àwọn tó ṣe é ti ṣàlàyé ní gbangba bí wọ́n ṣe fi àánú pamọ́ sínú rẹ̀. Bí ọmọbìnrin inú géèmù náà bá ti sáré kọjá etí àpáta, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wà lófuurufú, géèmù náà ṣì fún ọ láyè bíńtín láti fò bí ẹni pé ẹsẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Bí o bá tẹ bọ́tìnnì kó tó balẹ̀, á fi ọ̀rọ̀ rẹ pamọ́, á sì fò bó ṣe ń balẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹni tó ń ta á kò mọ̀ rárá. Ó kàn máa ń rò pé ọwọ́ òun ti yá ni. Geometry Dash náà ní irú tirẹ̀. Ẹ̀gún tí o rí lójú fóònù tóbi ju apá tó ń pani nínú rẹ̀ lọ. O lè fi etí kan án lára kọjá, kí àwọn tó ń wò sì pariwo pé o ti lọ, kí o má sì lọ.

Ìyẹn ni pé ẹni tó ṣe géèmù náà mọ̀ pé ojú ènìyàn kì í bá ọwọ́ rẹ̀ dé pọ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá fi ìwọ̀n gidi wọn ọmọ aráyé, ọmọ aráyé á pè é ní ojóro. Ó wá dín ẹ̀gún kù ní ibi tí ojú kò tó. N kò ka ìyẹn sí ẹ̀tàn. Adájọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ náà máa ń fi àyè sílẹ̀ fún iyèméjì.

Àwa tí a dàgbà kí fóònù olójú gbọọrọ tó dé, Bounce ni tiwa. Nokia ló ń fi í sínú fóònù wọn, bọ́ọ̀lù pupa kékeré kan tó ń yí tó ń ta, tí ẹ̀gún bá sì gún un, ó bẹ́. GSM wọ Nàìjíríà lọ́dún 2001. Ní ọ̀pọ̀ ilé nígbà náà fóònù kan ṣoṣo ló wà, ti bàbá ni, ìgbà tí bàbá bá sì sùn nìkan ni bọ́ọ̀lù pupa máa ń rí ọ̀nà lọ. Rovio, ilé-iṣẹ́ ará Finland, tún ṣe Bounce Tales fún Nokia lọ́dún 2008, ọdún kan kí wọ́n tó gbé Angry Birds jáde. N kò rántí pé ẹnikẹ́ni nínú wa sọ pé Bounce le tàbí kò le. Ohun tí a máa ń sọ kò ju “mo ti dé ibi omi” tàbí “n ò tíì débẹ̀” lọ.

Ṣùgbọ́n èyí tó jọ ọ́ jù lọ, súwé ni. Àwọn ọmọbìnrin á fi igi fa ilà sórí yẹ̀pẹ̀ àgbàlá, yàrá lé yàrá, wọ́n á sọ àpáàdì sínú rẹ̀, wọ́n á sì máa fi ẹsẹ̀ kan ta lọ ta bọ̀. Ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ kan ilà. Bó bá kàn án, o ti jáde nìyẹn, ẹlòmíràn á gba ipò rẹ. Mo rántí ariwo rẹ̀ ju eré náà fúnra rẹ̀ lọ. “Ó kàn án!” “Kò kàn án!” Yẹ̀pẹ̀ ló máa ń dá ẹjọ́ náà. Gbogbo wa á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, a ó sì wo ojú ẹsẹ̀: bí àtàǹpàkò bá ti ba ilà jẹ́, kò sí àwíjàre mọ́, ẹni tó jẹ̀bi á dìde láìjanpata, á lọ tò sẹ́yìn. Ìgbà tí a bá fi ṣọ́ọ̀kì ya á sórí sìmẹ́ǹtì ilé-ìwé ni ìjà máa ń ṣẹlẹ̀, torí sìmẹ́ǹtì kì í gba ojú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá sì ta á já máa ń gba ilé. Yàrá kan á di tirẹ̀, òun nìkan ló lè fẹsẹ̀ méjèèjì sinmi níbẹ̀. Àwa yòókù gbọ́dọ̀ fò ó kọjá. Bí eré náà bá ṣe ń pẹ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ilé ń pọ̀ sí i, tí fífò sì ń gùn sí i, àwọn tó mọ̀ ọ́n ta ló ń fi ọwọ́ ara wọn sọ ọ́ di líle fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Kò sí ẹni tó pe ìyẹn ní ìwà ìkà.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló gbà pẹ̀lú mi. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, oníṣòwò tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, bi mí pé èrè wo ló wà nínú kí ọmọ máa fò lórí ẹ̀gún láti àárọ̀ di alẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní yunifásítì Tai Solarin ní Ìjàgun, tó fẹ́ràn géèmù tó ní ìtàn nínú, sọ fún mi pé géèmù tí kò ní ojú ènìyàn kan, tí kò ní ìtàn kan, òfìfo ni lójú òun. Ó ní nígbà tí òun bá parí rẹ̀, kò sí ohun tí òun lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó ṣẹlẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò gbà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ wà. Ọwọ́ tí kò mọ nǹkan ṣe lánàá ti mọ̀ ọ́n ṣe lónìí, ẹni tó ni ọwọ́ sì mọ ọjọ́ tó yí padà.

Ọ̀rọ̀ tó kó mi lọ́kàn sókè ni ti àṣejù. Dong Nguyen, ọmọ ilẹ̀ Vietnam tó dá Flappy Bird ṣe lọ́dún 2013, yọ géèmù náà kúrò lórí igbá fúnra rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2014, nígbà tó ń mówó wọlé fún un lọ́wọ́, nítorí ó ní ó ti di bárakú fún àwọn ènìyàn. Ìwà ọmọlúàbí ni mo ka ìyẹn sí. Géèmù tó ń dá ọ padà síbẹ̀rẹ̀ láìfún ọ láyè láti mí, ó rọrùn fún un láti jẹ gbogbo òru ọmọ. Òbí tó bá gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ ní agogo mẹ́wàá alẹ́, n kò ní bá a jiyàn.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo ohun mìíràn tó ń fa àwọn ọ̀dọ́ ní ìgboro Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ rìn láti Ìbàdàn Garage wọ inú ìlú, ẹ ka iye ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́nà. Àwọn ọmọkùnrin dúró síbẹ̀ pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, ojú wọn wà lára tẹlifíṣàn, owó ọjọ́ wọn sì wà lọ́wọ́ ẹsẹ̀ agbábọ́ọ̀lù kan ní Spain tí kò mọ̀ pé wọ́n wà láyé. Nígbà tí tíkẹ́ẹ̀tì bá já, kò sí ohun tí wọ́n kọ́. Wọn kò lè sọ pé lọ́la, n ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ ṣáájú. Kò sí ohun tí ọwọ́ wọn lè mọ̀ ọ́n ṣe sí i. Ọ̀nà tí mo gbà ń ṣàníyàn nípa ìwọ̀nyí kò jọ ọ̀nà tí mo gbà ń ṣàníyàn nípa ọmọ tó ń fò lórí ẹ̀gún.

Àwọn ọmọ wa mọ ìyàtọ̀ láàárín ìṣubú tó jẹ́ tiwọn àti èyí tí kì í ṣe tiwọn, wọ́n mọ̀ ọ́n ju bí a ṣe rò lọ. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Olóyèdé tó jẹ́ ọ̀gá àgbà àjọ JAMB jáde sí gbangba, ó sunkún, ó sì tọrọ àforíjì. Àṣìṣe ẹ̀rọ ti ba èsì ìdánwò jẹ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 379,997 ní Èkó àti ní ìpínlẹ̀ márùn-ún Gúúsù-Ìlà-Oòrùn. Wọ́n ní kí wọ́n wá tún un ṣe. Ó dára pé ó jẹ́wọ́, torí kì í ṣe gbogbo aláṣẹ ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò ná: ọmọ tó kàwé, tó dáhùn ìbéèrè, tí èsì rẹ̀ wá dé tí gbogbo ilé sì ń wò ó. Ó ní mo fò. Wọ́n ní o rò pé o fò ni. Ó sì ti fò ní tòótọ́.

Ọmọ tó ń gbé láàárín irú nǹkan báwọ̀nyí, mo lóye ìdí tó fi máa ń wá ibi kan, bó ti wù kó kéré tó, bó tilẹ̀ jẹ́ ojú fóònù tó sán, tí ẹ̀bi ti jẹ́ ẹ̀bi tí ẹ̀tọ́ sì jẹ́ ẹ̀tọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń pè é ní eré òmùgọ̀ ni kò tíì ronú nípa ìyẹn. Èmi a máa ronú nípa rẹ̀ gan-an.

A ní àwọn tó ń ṣe géèmù nílé. Maliyo Games tí Hugo Obi dá sílẹ̀ ní Èkó lọ́dún 2012 ló ṣe Disney Iwájú: Rising Chef tó jáde lọ́dún 2024, Abíọ́lá Ọlániran náà ti dá Gamsole sílẹ̀ lọ́dún 2012, ó sì ṣe géèmù tí àwọn ènìyàn ta kárí ayé. Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ irú wọn kò pọ̀: géèmù kékeré kan tó le bí ojú ẹja, tí kò ní gbówó lọ́wọ́ ọmọ kó tó jẹ́ kó kọjá, tí wọ́n sì ti dán wò lórí fóònù tó kéré jù lọ nínú ọjà kí wọ́n tó gbé e jáde.

Ó lè jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ẹni tí a kò fojú sí ló ti máa wá. Ọmọbìnrin kan wà tó ń kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe fóònù nínú ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí ilé wa. Ó ra Geometry Dash tó pé, èyí tó ní ibi tí ènìyàn ti lè fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ipele, ó sì ti ń kọ́ tirẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ̀rẹ̀dò ló sọ ọ́, nítorí odi àti yàrà Sùǹgbọ́ tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, tó gùn tó nǹkan bí kìlómítà 160, tí ògiri rẹ̀ sì ga tó mítà 20 láwọn ibì kan. Bí ipele náà ṣe rí nìyẹn: ògiri gíga lápá kan, yàrà jíjìn lápá kejì, ẹ̀gún ní ìsàlẹ̀ yàrà, àti àyè tóóró kan tí àpótí lè gbà jáde. Òun fúnra rẹ̀ ló mú mi lọ wo ibẹ̀ lójú fóònù, ó ń fi ìka tọ́ka sí i bí ẹni tó ń fi ilé tuntun hàn.

Òfin kan wà nínú géèmù náà tí inú mi dùn sí. Kò sí ẹni tó lè fi ipele tó kọ́ ránṣẹ́ síta fún aráyé àfi tí òun fúnra rẹ̀ bá ti ta á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìṣubú. Ọmọbìnrin yìí kò tíì lè ṣe é. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó yọ ẹ̀gún kejì nínú yàrà kẹta kúrò, ṣebí òun ló ni ín. Ó ní, “Rárá, Ọ̀gá, ẹ̀gún yẹn kò ṣe nǹkan kan. Òpó tó wà níwájú rẹ̀ ló burú, ó ń bo ẹ̀gún mọ́ ènìyàn lójú.” Ó ti fún ọ̀pọ̀ oníbàárà tó jókòó de fóònù wọn láti ta á, ó sì ti ń wo ibi tí oníkálukú ti ń ṣubú àti ohun tó ń jáde lẹ́nu wọn. Àwọn tó ṣubú níbẹ̀ kò bú ara wọn, ojóro ni gbogbo wọn ń pariwo. Ìyẹn ló fi mọ̀. Ó gbé òpó náà sẹ́yìn díẹ̀ níṣojú mi, ó fi ẹ̀gún sílẹ̀ síbi tó wà, ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Ó dé 83% kó tó ṣubú. Ọkùnrin tó gbé Infinix rẹ̀ wá ti ń bi í pé ìgbà wo ni ojú fóònù òun máa ṣetán, ọmọbìnrin náà sì gbé ti ara rẹ̀ sílẹ̀, ó mú irinṣẹ́ rẹ̀.